Agbárí, agogo oníyanrìn àti sísọ́ọ̀sì lára òkúta sàárè ní Dundee: kí ni wọ́n ń sọ?

Arìnnàkore_Dundee · Ajé, 8:14 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Nǹkan kan ń jẹ mí lọ́kàn láti ìgbà tí mo ti dé ìlú yìí wá kàwé. Láàárín ìgboro Dundee, lẹ́yìn àwọn ṣọ́ọ̀bù, itẹ́ òkú àtijọ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní Howff. Ọ̀nà àbùjá ni fún mi, ibẹ̀ ni mò ń gbà lọ síléèwé.

Lánàá ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dúró wo òkúta kan dáadáa. Nísàlẹ̀ ẹ̀, agbárí èèyàn ni wọ́n gbẹ́ síbẹ̀, gbogbo eyín ẹ̀ hàn síta bí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín. Egungun itan méjì dábùú ara wọn lábẹ́ ẹ̀. Lápá ọ̀tún, mo rí nǹkan bí ìgò méjì tó fẹnu ko ara wọn, ìbàdí ẹ̀ tín-ín-rín. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó yé mi pé agogo oníyanrìn ni, èyí tí yanrìn ń jò nínú ẹ̀ láti fi ka àkókò. Lápá òsì, pósí àti agogo ọlọ́wọ́. Lókè pátápátá, ojú ọmọdé kan tó hu ìyẹ́ méjì. Òkúta tó tẹ̀lé e ló wá dà mí rú jù: sísọ́ọ̀sì ńlá kan tó yanu sílẹ̀, àti áyọ́ọ̀nù. Áyọ́ọ̀nù tí a fi ń lọṣọ!

Mo fi fídíò han màmá mi n'Íbàdàn. Gbólóhùn kan ni wọ́n sọ: "Wá ọ̀nà míì gbà." Wọ́n ní ẹgbẹ́ awo ló ń sin òkú wọn síbẹ̀. Ṣé lóòótọ́ ni?

Akóyinjẹ · 8:31

Màmá ẹ ti parí ọ̀rọ̀. Kí agbárí máa wò mí lọ sí kíláàsì? Ìdánwò fúnra ẹ̀ ò tíì dẹ́rù bà mí tó ni?

Baba_Leith · 9:50

Arìnnàkore, fọkàn balẹ̀, máa gba ọ̀nà ẹ lọ. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń gbé Edinburgh, mi ò sì rí ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ kí n má yà wò ó. Ó ti sú ìyàwó mi.

Kò sí awo kankan níbẹ̀. Ọmọ ìjọ paraku ni àwọn tó ni sàárè wọ̀nyẹn. Ní 1560 ni Skọ́tílándì kúrò lábẹ́ Póòpù, tí ìjọ tó padà di Presbyterian sì gba ipò. Àwọn olórí ìjọ tuntun yìí fọ́ ère, wọ́n pa àwòrán ara ògiri rẹ́, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má gbàdúrà fún òkú mọ́. Ìwé ìlànà tí wọ́n kọ lọ́dún náà fẹ́ kí wọ́n gbé òkú lọ sin wọ́ọ́rọ́wọ́, láìkọrin, láìka Bíbélì. Wọ́n tún ní wọn ò gbọdọ̀ sin òkú sínú ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Léraléra ni ìgbìmọ̀ àpapọ̀ ìjọ ń pa àṣẹ yẹn, nítorí àwọn ọlọ́lá ò fẹ́ gbọ́. Bí òkú ṣe bọ́ sí gbangba nìyẹn. Kò sórin, kò síwàásù, ẹbí sì fẹ́ kí wọ́n sọ nǹkan kan lórí òkú wọn. Wọ́n bá gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá agbẹ́kùúta.

Èyí tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé ìjọ tó lé ère kúrò nínú ilé ló jẹ́ kí agbárí kún ìta. Àmọ́ wọn ò kà á sí ère. Ta ló máa kúnlẹ̀ bọ agbárí?

Ìsàlẹ̀ ni kó o ti máa kà á lọ sókè. Agbárí àti egungun ni ohun tí ara máa dà. Agogo oníyanrìn: ọjọ́ rẹ ń jò lọ. Òmíràn wà tí wọ́n so ìyẹ́ mọ́, pé ó ń fò. Ojú ọmọdé oníyẹ̀ẹ́ tó wà lókè ni ọkàn tó ti bọ́ lára, tó ń lọ sọ́run. Òkúta kan náà ló dá ẹ lẹ́rù bà nísàlẹ̀ tó sì tù ẹ́ nínú lókè. Láti bíi 1600 títí dé bíi 1800 ni wọ́n ń gbẹ́ irú ẹ̀ jù, kì í sì í ṣe sàárè àwọn olè ojú òkun, bí àwọn ọmọ mi ṣe máa ń sọ.

Agogo ọlọ́wọ́ yẹn wù mí. Bí ẹnìkan bá kú, ọkùnrin kan á máa lù ú káàkiri ìgboro, á dárúkọ olóògbé, á pe àwọn èèyàn wá sí ìsìnkú. Lọ́jọ́ ìsìnkú, á tún máa lù ú lọ níwájú òkú. Aṣọ dúdú tí wọ́n fi ń bo pósí náà, ìjọ ló ni ín, ẹbí á wá yá a lówó, owó yẹn ni wọ́n sì fi ń ran àwọn aláìní lọ́wọ́. Iṣẹ́ rẹ́ńtà ò bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wa.

Sísọ́ọ̀sì àti áyọ́ọ̀nù? Télọ̀ ni.

Arìnnàkore_Dundee · 10:02

Télọ̀! Iṣẹ́ màmá mi gan-an nìyẹn. Ẹ ṣé, sà. Màá sọ fún wọn.

Wòlíì_Orí_Òkè · 12:40 ọ̀sán

Ẹ̀gbọ́n, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n ẹ má fi ìwé bo òótọ́ mọ́lẹ̀. Mo ti lọ sí ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì kan nítòsí Edinburgh, mo fojú ara mi rí súkúwéà àti kọ́ńpáàsì lára òkúta. Gbogbo ayé ló mọ ẹgbẹ́ tó ni àmì yẹn. Ọmọbìnrin yìí, gbọ́rọ̀ sí ìyá ẹ lẹ́nu.

ỌmọBíríkìlà · 12:58

Wòlíì, bíríkìlà ni bàbá mi, Mushin ló ti fi ogójì ọdún ṣe é. Súkúwéà wà nínú àpótí ẹ̀, okùn ìwọ̀n wà níbẹ̀, ìrẹ́lẹ̀ tí wọ́n fi ń rẹ́ ògiri wà níbẹ̀. Ẹgbẹ́ kan ṣoṣo tó wọ̀ láyé ẹ̀ ni ẹgbẹ́ èésú. Tí mo bá gbẹ́ súkúwéà sórí sàárè ẹ̀, ṣé ó di awo nìyẹn?

Baba_Leith · 1:25

Ẹ rọra, ẹ̀yin méjèèjì. Tí ẹ bá rí súkúwéà àti kọ́ńpáàsì pẹ̀lú òòlù onígi àti síṣẹ̀lì, iṣẹ́ ọwọ́ ni: ẹni yẹn ń gbẹ́ òkúta tàbí ó ń kọ́lé. Ṣùgbọ́n Wòlíì ò jẹ̀bi tán. Lọ́wọ́ àwọn agbẹ́kùúta Skọ́tílándì yẹn kan náà ni Freemason ti gba àmì yẹn. Lọ́ọ̀jì kan wà ní Edinburgh níbí, àkọsílẹ̀ ìpàdé wọn bẹ̀rẹ̀ láti 1599, nígbà tó ṣì jẹ́ pé àwọn tó ń fi ọwọ́ ara wọn gbẹ́ òkúta ló ń ṣèpàdé. Nígbà tó yá ni àwọn ọ̀tọ̀kùlú tí ò mú síṣẹ̀lì rí wá kún inú ẹ̀. Nítorí náà, òkúta kan lè jẹ́ ti oníṣẹ́ ọwọ́, òmíràn lè jẹ́ ti ọmọ ẹgbẹ́. Ohun tó yí àmì náà ká lẹ máa wò.

Wòlíì_Orí_Òkè · 1:33

Mo ti gbọ́. Mi ò ní gba ibẹ̀ kọjá síbẹ̀síbẹ̀.

Aláṣọòkè_Ìṣẹ́yìn · 3:10

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀. Ahunṣọ ńkọ́? Nílé tiwa, ọkùnrin ló ń hun aṣọ òkè, inú ilé kan náà ni iṣẹ́ náà máa ń wà láti ìran dé ìran. Ṣé wọ́n ń gbẹ́ ti ahunṣọ náà sórí sàárè lọ́hùn-ún?

Ìyá_Ìbejì_Aberdeen · 4:45

Wọ́n ń gbẹ́ ẹ o! Mo gbé Dundee ọdún mẹ́fà kí n tó kó wá síbí, mo sì mọ Howff yẹn bí ẹ̀yìn ọwọ́ mi. Ọkọ̀ tí ahunṣọ ń jù lọ jù bọ̀ láàárín òwú, òun gan-an ni wọ́n máa ń gbẹ́, ẹnu ẹ̀ ṣóńṣó ní ìhà méjèèjì. Òmíràn wà tó jẹ́ pé orí ẹkùn ni, tó gé ọkọ̀ náà mọ́nu. Àmì ẹgbẹ́ àwọn ahunṣọ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ilẹ̀ yẹn ṣe jẹ́. Ọgbà àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìjọ Àgùdà kan ni tẹ́lẹ̀. Ní 1564, ọba obìnrin wọn, Mary, fún ìlú ní ilẹ̀ náà láti máa sin òkú. Kò pẹ́ tí àwọn ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ mẹ́sàn-án ìlú náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣèpàdé níbẹ̀: oníbúrẹ́dì, aránbàtà, aránbọ̀wọ́, télọ̀, aránfìlà, alápatà, àwọn oníhámà, ahunṣọ, aláró. Àárín sàárè náà ni wọ́n ń jókòó sí, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dá sí ọ̀rọ̀ owó iṣẹ́ àti ọmọ iṣẹ́. Ibẹ̀ ni orúkọ náà ti wá: howff ní èdè Skọ́ọ̀tì ni ibi tí èèyàn ti ń pàdé ara wọn. Ọgọ́rùn-ún méjì ọdún àti díẹ̀ ni wọ́n fi ń bá a lọ kí wọ́n tó kọ́ gbọ̀ngàn tiwọn. Ní 1857 ni wọ́n dẹ́kun sísin òkú síbẹ̀.

Nítorí náà kò yẹ kó yà yín lẹ́nu pé irinṣẹ́ kún ibẹ̀. Ti oníbúrẹ́dì ni pákó ọlọ́wọ́ gígùn tí wọ́n fi ń ti búrẹ́dì wọnú ààrò. Nígbà míì, búrẹ́dì náà á wà lórí ẹ̀. Alápatà ní àdá ẹran. Àwọn oníhámà ni alágbẹ̀dẹ àti gbogbo ẹni tó ń lu irin. Hámà wọn, adé wà lórí ẹ̀!

ỌmọBíríkìlà · 4:52

Adé lórí hámà. Ògún ti gbọ́.

Aláṣọòkè_Ìṣẹ́yìn · 5:20

Mọ̀mí, ẹ ṣé gan-an. Oríkì ni wọ́n ń gbẹ́ yẹn. Tí akígbe bá fẹ́ ki bàbá mi, kò ní bẹ̀rẹ̀ láti orúkọ tí wọ́n fi ṣèrìbọmi fún un, ọ̀rọ̀ ọ̀fì ló máa fi ṣíde.

Baba_Leith · 5:41

Aláṣọòkè, o sọ ọ́ dáadáa, àmọ́ màá fi ìyàtọ̀ kan sí i. Oríkì máa ń gbé èèyàn ga ju bó ṣe wà lọ. Òkúta yìí gbé e ga lójú kan, ó tún fi agbárí fà á wálẹ̀ lójú kejì. Nígbà míì, adé á wà lókè hámà, egungun á wà lábẹ́ ẹ̀, lára òkúta kan náà. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni adùn ẹ̀ wà.

Ìyá_Ìbejì_Aberdeen · 6:03

Nǹkan kan wà tí ẹnikẹ́ni ò tíì sọ. Ẹ lọ wo orúkọ àwọn obìnrin. Lórí òkúta àtijọ́ Skọ́tílándì, orúkọ bàbá obìnrin kì í sọnù nítorí pé ó lọ́kọ. Orúkọ ọkọ á wà níbẹ̀, wọ́n á wá kọ pé ìyàwó ẹ̀ ni Janet tàbí Margaret, pẹ̀lú orúkọ ìdílé tó ti wá. Nígbà míì, lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ àwọn méjèèjì nìkan ni wọ́n gbẹ́, méjì méjì, pẹ̀lú ọkàn kékeré láàárín. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i, mo rò pé àwọn méjì tí ò fẹ́ra ni. Ọ̀gá ibi iṣẹ́ mi ló là mí lójú.

Ní Aberdeen níbí, ẹ ò ní rí agbárí púpọ̀ bíi ti Dundee. Granite ni òkúta tiwa, ó le kokooko, kì í jẹ́ kí síṣẹ̀lì ṣeré lára ẹ̀. Òkúta yanrìn tó rọ̀ ni ti Dundee àti Fife. Ẹ̀rọ onísitíìmù tó ń dán granite ló sọ ọ́ di ọjà láti bíi 1830, tí òkúta sàárè tó ń dán bíi dígí wá kún ibi gbogbo. Ó dára, ó mọ́, kò sì sọ nǹkan kan fúnni.

Akóyinjẹ · 7:15 alẹ́

Ẹ̀yin ará Edinburgh, mo lọ sí Greyfriars, itẹ́ òkú àtijọ́ tó wà lọ́dọ̀ yín níbẹ̀, lọ́dún tó kọjá. Mo rí kéèjì irin tí wọ́n fi bo sàárè. Ṣé kí òkú má jáde ni àbí kí ni?

Baba_Leith · 7:22

Alààyè ni wọ́n fi ń lé sẹ́yìn. Àwọn iléèwé ìṣègùn ń wá òkú tí wọ́n máa là láti fi kọ́ akẹ́kọ̀ọ́, òkú tí òfin sì fún wọn ò tó. Àwọn kan bá sọ ọ́ di òwò: wọ́n á hú òkú tí wọ́n sin lánàá, wọ́n á lọ tà á. Ọkùnrin méjì kan, Burke àti Hare, ò tiẹ̀ dúró de itẹ́ òkú. Èèyàn mẹ́rìndínlógún ni wọ́n pa ní Edinburgh ní 1828 kí wọ́n lè rí òkú tà. Òfin 1832 ló fún àwọn dókítà ní ọ̀nà míì. Ẹbí tó bá lówó á gbé irin lé sàárè títí tí òkú fi máa jẹrà, tí kò ní wúlò fún ẹnikẹ́ni mọ́.

Nínú Greyfriars yẹn kan náà, wá ògiri tí wọ́n ti sin oníṣẹ́ abẹ kan láyé 1670. Egungun gbígbẹ tó ń jó wà lára ẹ̀, ó mú dòjé ńlá dání, irinṣẹ́ iṣẹ́ abẹ sì yí i ká. Wọ́n gbẹ́ ọ̀bẹ oníṣẹ́ abẹ, wọ́n tún gbẹ́ ohun tí ọ̀bẹ ò lè wò sàn.

ọdẹ_aperin · 9:08

Ọdẹ ńkọ́ nínú gbogbo èyí?

Akẹ́kọ̀ọ́ìtàn_Glasgow · 9:36

Ọdẹ, tìrẹ wà ní Kells, lẹ́bàá New Galloway ní gúúsù. Ẹni tó ń ṣọ́ igbó ọdẹ fún ọlọ́lá kan ni. 1777 ló kú. Wọ́n gbẹ́ ìbọn ẹ̀, wọ́n gbẹ́ ọ̀pá ìpẹja ẹ̀, wọ́n gbẹ́ ajá ẹ̀ àti ẹyẹ igbó kan. Ewì wà lẹ́yìn òkúta náà tó ń bá a sọ̀rọ̀ tààrà, tó ń dárúkọ ẹ̀, pé ọjọ́ ìpẹja àti ọjọ́ ìbọn ẹ̀ ti kọjá. Nínú ọgbà yẹn kan náà, ẹ máa rí Ádámù àti Éfà lábẹ́ igi lára òkúta míì. Ẹ̀ṣẹ̀ tó mú ikú wá ni wọ́n ń sọ níbẹ̀ o, ẹ má rò pé wọ́n ń polówó ìhòòhò.

ọdẹ_aperin · 9:50

Kí wọ́n dárúkọ òkú ọdẹ, kí wọ́n bá a sọ̀rọ̀ bíi pé ó ń gbọ́, kí wọ́n ka irinṣẹ́ ẹ̀ kalẹ̀. Ìrèmọ̀jé nìyẹn jàre. Ṣe ni wọ́n gbẹ́ tiwọn sára òkúta.

Akẹ́kọ̀ọ́ìtàn_Glasgow · 10:11

Ẹ má jẹ́ kí n lọ sùn láìsọ èyí. Ní Kirkoswald, ní Ayrshire, òkúta ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Scipio Kennedy ṣì wà níbẹ̀. Ọmọ kékeré ni wọ́n jí i gbé láti etíkun ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, tí ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi kan rà á. Ó dàgbà sí ilé àwọn Kennedy ní Culzean, ìdí nìyẹn tó fi ń jẹ́ orúkọ wọn. Ìwé òmìnira ẹ̀ jáde ní 1725. Ó fẹ́yàwó, ó bímọ, ó ní ilé tiẹ̀ lórí ilẹ̀ náà, ó kú ní 1774. Ọmọ ẹ̀ ọkùnrin ló ri òkúta yẹn fún un. Láàárín gbogbo agbárí tí à ń kà láti àárọ̀, òun ni ọkàn mi máa ń lọ bá.

Ìyá_Ìbejì_Aberdeen · 10:20

Olúwa ò. Orúkọ tí ìyá ẹ̀ sọ ọ́ kò sí lára òkúta náà, àbí?

Akẹ́kọ̀ọ́ìtàn_Glasgow · 10:24

Kò sí, mà.

Baba_Leith · Ìṣẹ́gun, 7:40 àárọ̀

Arìnnàkore, kó o tó tún lọ síbẹ̀: má fi búrọ́ọ̀ṣì ha òkúta náà, má fi ẹfun kun lẹ́tà ẹ̀ kó lè hàn. Òkúta yanrìn ti ń bó bíi èèpo, bó o bá fọwọ́ rà á, orúkọ èèyàn lo pa rẹ́ yẹn. Tọ́ọ̀ṣì ni kó o mú dání nírọ̀lẹ́. Tàn án láti ẹ̀gbẹ́, kì í ṣe látiwájú. Ohun tí ojú ò rí lọ́sàn-án á yọrí síta.

Arìnnàkore_Dundee · Ọjọ́rú, 9:05 alẹ́

Mo ti dé o. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni mo lọ, ilẹ̀ ti ń ṣú níbí. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta télọ̀ náà, mo tan tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀gbẹ́ bí bàbá ṣe wí. Ẹ̀rù kọ́kọ́ bà mí nítorí agbárí ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ dà bíi pé ó yíjú. Lẹ́yìn náà ni lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Lẹ́tà méjì lọ́tùn-ún sísọ́ọ̀sì, méjì lósì, ọkàn kékeré láàárín, bí Mọ̀mí Ìbejì ṣe sọ gẹ́lẹ́. Lórí ìlà kan nísàlẹ̀, agbẹ́kùúta gbàgbé lẹ́tà kan, ó wá há a mọ́ òkè ìlà, kékeré, bí ìgbà tí èmi náà bá ṣàṣìṣe nínú ìwé ìdánwò. Lẹ́tà N kọ̀ọ̀kan wà tó kọjú sẹ́yìn. Mo rẹ́rìn-ín títí ọkùnrin kan tó ń mú ajá ẹ̀ rìn fi wò mí tìfura-tìfura.

Mo pe màmá mi níbẹ̀. Wọ́n ní kí n gbé fóònù súnmọ́ áyọ́ọ̀nù náà. Wọ́n wò ó pẹ́. Ohun tí wọ́n wá bi mí ni pé: "Ibo ni wọ́n ń kó èédú sí?" Mo ní mi ò mọ̀. Bàbá, ẹ gbà mí o.

Baba_Leith · 9:19

Wọn kì í kó èédú sínú ẹ̀. Irin gidi ni látòkè délẹ̀, orí iná ni wọ́n ti ń mú un gbóná. Wo ọwọ́ ẹ̀: ó ká bí ọrùn ẹyẹ ńlá inú omi tó jọ pẹ́pẹ́yẹ, orúkọ ẹyẹ yẹn, goose, ni àwọn télọ̀ ibí fi ń pè é.

Arìnnàkore_Dundee · 9:44

Mo ti sọ fún wọn. Wọ́n ní áyọ́ọ̀nù tí ò gba èédú á ti máa tètè tutù, àti pé télọ̀ yẹn á ti ní ju ẹyọ kan lọ, pé kí n padà lọ wò ó bóyá òmíràn wà lẹ́yìn òkúta náà. Lọ́la ni mò ń lọ. Ọ̀nà àbùjá mi náà ṣáà ni.